Agolo Etí Odò Olúwa

Láti àárọ̀ ni Pamílẹ́rìn ti ń rẹ́rìn-ín, kò sì sí èyí tó ti inú rẹ̀ wá níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó dọ̀bálẹ̀ kí Ọlọ́jà Gbádéyan, olórí abúlé náà. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó ṣí páálí sìgá ńláńlá tó gbé ti Skọ́tilándì bọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nípọn tó àtàǹpàkò, tí wọ́n fi ojúlówó ewé tábà wé. Nígbà tó wá ń ṣáná sí ti Akínṣọlá, àbúrò Ọlọ́jà, ẹ̀rín rẹ̀ fẹ̀ débi pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dùn ún. Ó ní òun wá parí ìjà àtijọ́ ni, kí wọ́n jọ fi ọjọ́ kan ṣeré létí odò.

Ẹ̀gbẹ́ èèkàn kan ni wọ́n jókòó sí létí odò Olúwa, lọ́nà Agbabu. Agolo gámálì kan tó ti dípẹtà ni wọ́n so mọ́ èèkàn náà. Oògùn kòkó ni gámálì, ṣùgbọ́n àwọn kan a máa dà á sódò kí ẹja lè kú léfòó. Nígbà tí Pamílẹ́rìn wà ní kékeré ni wọ́n bá agolo náà nínú ahéré bàbá rẹ̀, Adéyẹyè, ará Ìkirè tó wá ń dá oko kòkó lórí ilẹ̀ wọn. Akínṣọlá ló mú wọn débẹ̀, ó ní Adéyẹyè ló ń dà á sódò. Wọ́n gbé agolo ru Adéyẹyè, wọ́n mú un yí abúlé ká, àwọn ọmọdé ń hó lé e lórí, wọ́n sì lé e lọ. Ìkirè ló kú sí. Kò fi ẹnu kan ẹja mọ́ títí ọjọ́ fi pé. Agolo náà ni wọ́n wá so sétí odò láti máa fi kọ́ àwọn yòókù lọ́gbọ́n.

Akínṣọlá nawọ́, ó gbọn eérú sìgá rẹ̀ sínú agolo náà.

"Ọmọ Adéyẹyè, o káre! Kantíkantí pàápàá ò lè sún mọ́ wa."

"Ẹ máa gbádùn ẹ̀, bàbá. Ẹ má kàn gbé èéfín ẹ̀ mì o. Ẹ jẹ́ kó yí lẹ́nu yín, kí ẹ tú u dà."

"Háà!" Ọlọ́jà wúkọ́, omi lé ròrò lójú rẹ̀. "O ò tètè sọ. Èmi ti gbé e mì!"

Pamílẹ́rìn to ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ pọ̀. Skọ́tilándì, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kòkòrò àtọwọ́dá pa ẹja tráútù nínú odò tútù. Ó fi èyí tó so mọ́ ẹnu ìwọ̀ rẹ̀ hàn wọ́n.

"Ìyẹ́ adìyẹ àti òwú ni. Ẹja á rò pé kòkòrò gidi ló bà sójú omi."

Akínṣọlá bú sẹ́rìn-ín. "Ọlọ́jà, ẹ gbọ́? Bàbá fi gámálì pẹja, ọmọ ń fi ìyẹ́ adìyẹ tan ẹja jẹ. Kí ni ti ọmọ ọmọ á wá jẹ́?"

Pamílẹ́rìn bá wọn rẹ́rìn-ín, ó ti sìgá tirẹ̀ bọnu, ó sì gba apá òkè odò lọ.

Nígbà tó kọjá kọ́nà tí wọn ò lè rí i mọ́, ó tú ẹ̀rín náà dà bí ẹni tu itọ́. Bọ́látitó tó ń ta ẹja l'Órè ti sọ fún un pé bí ọjọ́ ọjà bá ti ku ọ̀la, Akínṣọlá a máa tu ọkọ̀ bọ̀ láti apá Ibú Àràbà pẹ̀lú ẹja tí kò ní àpá ìwọ̀ lẹ́nu, tí àwọ̀n ò sì bó ìpẹ́ rẹ̀. Ọ̀la ni ọjà. Pamílẹ́rìn kẹ̀yìn sí Ibú Àràbà pátápátá. Ibi tí omi ti ń sáré lórí òkúta ló dúró sí, ó ń ju okùn síwá, ó ń jù ú sẹ́yìn, èéfín sìgá ń yí orí rẹ̀ ká. Sìgá náà dùn. Ohun tó ń rò nídìí rẹ̀ ló korò. Kò pẹ́ tí epìyà ńlá kan fi gbé ìyẹ́ adìyẹ náà hán.

Ó padà wá, ó dáná, ó fi iyọ̀ àti ata pa ẹja náà lára, ó sun ún. Òórùn rẹ̀ gba etí odò kan. Ọlọ́jà ti nawọ́ kó tó kúrò lórí iná.

"Níbo lo ti rí èyí tó sanra báyìí?"

"Ibú Àràbà ni, bàbá. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀ bí ẹní dà wọ́n sílẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ sá fún mi."

Ọwọ́ Akínṣọlá tó ń gbé sìgá lọ sẹ́nu dúró lágbedeméjì.

"Bàbá, ẹ bù níbẹ̀," ni Pamílẹ́rìn sọ fún un.

"Rárá o. Mo ti yó."

"Ìwọ Akínṣọlá? Ẹja ni o ní o ti yó?" Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín, ó ya ẹran níbi ẹ̀yìn ẹja náà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó gbé e lọ sẹ́nu.

Akínṣọlá fò dìde, ó gbá a dànù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èdè Ìkálẹ̀ ló kọ́kọ́ fi pariwo kó tó rántí àlejò. "Ẹ má jẹ ẹ́! Ẹ má fi kan ẹnu!"

"Kí ló dé?"

"Ẹja náà… ẹja náà ò dáa."

"Ta ló sọ fún ọ?"

Pamílẹ́rìn bu orí ẹja náà, ó ń jẹ ẹ́ ní pẹ̀lẹ́, ó ń tu egungun sọ́wọ́.

"Ọlọ́jà, ẹ jẹun yín. Òkè lọ́hùn-ún, níbi tí omi ti ń sáré, ni mo ti pa á. N ò dé Ibú Àràbà lónìí. Ẹ bi wọ́n ohun tó wà níbẹ̀."

Ọlọ́jà ò bi ẹnikẹ́ni. Ó dìde, ó gba etí odò lọ sí Ibú Àràbà fúnra rẹ̀. Nígbà tó padà, òkú ẹja kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ikùn rẹ̀ funfun, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ó jù ú sí iwájú àbúrò rẹ̀.

"Inú ẹrẹ̀ yìí ni Adéyẹyè dọ̀bálẹ̀ sí tó ń bẹ̀ mí," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ìwọ lo sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Pamílẹ́rìn tú agolo kúrò lára èèkàn. Ìpẹtà rẹ̀ ń ya lé e lọ́wọ́.

"Pamílẹ́rìn, ọmọ mi," ni Akínṣọlá wí, "ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ o. Agolo yẹn ò tọ́ sí àgbàlagbà."

"Àgbàlagbà ni bàbá mi náà."

Akínṣọlá wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọlọ́jà kọjú sí odò.

"Ẹ fa sìgá yín tán ná, bàbá," ni Pamílẹ́rìn sọ. "Ẹ má kánjú. Àwọn ọmọ ilé ìwé ò tíì dé."

Ó jókòó tì í, ó ń wo iná sìgá náà bó ṣe ń jó bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi kan ìka Akínṣọlá. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ariwo àwọn ọmọ lójú títì, ó gbé agolo náà ka Akínṣọlá lórí. Eérú tó ti gbọn sínú rẹ̀ láti àárọ̀ dà sílẹ̀ láti ihò ìdí agolo, ó ń ṣàn bọ̀ níwájú orí rẹ̀, ó bọ́ sí i lójú.

Ìgbà náà ni Pamílẹ́rìn tó rẹ́rìn-ín.