Òkúta Ibojì Kọ́mrédì Krsman

Ní ìlú wa létí odò Morava, ọlọ́gbọ́n kì í fi òkúta ibojì rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ. Ta ló mọ èyí tó pọ́ọ́kú tí wọn yóò rà? Láàyè la ti ń gbẹ́ tiwa, tàwòrán tàwòrán. Àyè ọdún ikú nìkan là ń fi sílẹ̀ lófìfo.

Kọ́mrédì Krsman Balač, alága Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì níbí nígbà tí Yugoslavia ṣì wà, gbẹ́ tirẹ̀ ga ju ti gbogbo ayé lọ. Nínú àwòrán náà, orí rẹ̀ tó ti pá tún hu irun. Ó to iṣẹ́ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀: afárá, ilé ìwé, ilé iṣẹ́ ìhunṣọ. Adágún omi atúsókè tó wà láàárín ìlú nìkan ni kò kọ. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ti wó, wọ́n sì ti fi orúkọ ẹni mímọ́ kan pe afárá rẹ̀. Ọkàn bàbá kò balẹ̀ mọ́: ta ni yóò rántí òun?

Ní Sátidé tí a ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn òkú, ó lọ lúgọ sẹ́yìn òkúta rẹ̀ láti gbọ́ ohun tí aráyé yóò wí.

Vidosava ló kọ́kọ́ yà síbẹ̀, obìnrin kan tó ti kúrò nílùú tipẹ́. Ó rí àwòrán, kò wo àyè ọdún ikú tó ṣófo.

"Háà! Bàbá náà ti lọ!"

Ó tan àbẹ́là, ó gbé àlìkámà sísè kalẹ̀, ó ta ọtí ràkíà sílẹ̀.

"Ẹ sùn re o, bàbá. Mi ò lè gbàgbé yín láyé."

Omi lé ròrò sójú Krsman lẹ́yìn òkúta.

"Ọjọ́ tí ẹ ṣí adágún omi yẹn! Ẹ gé ríbọ́ọ̀nù tán, ẹ fẹ̀yìn rìn, ó di gbàmù nínú omi! Fìlà yín ń léfòó bíi pẹ́pẹ́yẹ. Tíṣà wa ní ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, ó gbé. Bàbá, àtọjọ́ náà ni ẹ̀rín ọ̀hún ti wà níkùn mi."

Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi di òkúta mú.

"Irọ́ ni!" Òkúta fọhùn. "Mi ò ṣubú! Mo wọnú omi lọ yẹ iṣẹ́ wò ni!"

Ìgò bọ́ lọ́wọ́ Vidosava. Ó ya àmì àgbélébùú sára, kó tó rí orí pípá tó yọ.

"Ẹ ò tíì kú?"

"Kí n kú, kí o lè ráyè fi mí ṣẹ̀sín?"

"Ó dáa, ẹ gbé àlìkámà mi fún mi. Òkú ni mo sè é fún."

Ṣùgbọ́n Kọ́mrédì tó fi gbogbo ayé rẹ̀ bú irú oúnjẹ ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ ti ki ọwọ́ bọ abọ́.

"Ṣúgà rẹ̀ ò tó," ó ní, ẹnu rẹ̀ kún. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé gbogbo yín lẹ rántí rẹ̀?"

"Ta ló lè gbàgbé, bàbá?"

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, agbẹ́kùúta pa ilé iṣẹ́ ìhunṣọ rẹ́ lára òkúta náà, ó sì kọ adágún omi sípò rẹ̀. Fìlà nìkan ni Kọ́mrédì kò gbà kí wọ́n yà.