Ibi Tí Omi Máa Gbà

Bí ó bá yà sí ẹnu ọ̀nà ńkọ́?

Mi ò tíì dà á. Korobá kún dẹ́nu, irin ọwọ́ rẹ̀ ń gé mi lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, mo sì dúró lórí pákó tí mo tẹ́ sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n ní kó máa retí àlejò. Àlejò wo? Kò sẹ́nì kankan níbí. Èmi àti ilẹ̀ funfun yìí ni. Èmi àti omi.

Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ń gba fèrèsé kékeré wọlé, ó ń nà gbalaja lórí táìlì. Funfun, funfun, funfun. Bí mo bá tẹjú mọ́ ọn pẹ́, á dà bíi pé ilẹ̀ náà ń mí. Á rọra ga, á rọra relẹ̀, bí àyà ọmọ tó ń sùn. Mò ń wo ẹnu ọ̀nà. Mò ń wo ihò omi ní kọ̀rọ̀. Mò ń wo fèrèsé.

Àná ni mo tẹ́ táìlì tó kẹ́yìn. Èmi nìkan. "Balùwẹ̀ tìẹ nìyí," Ọ̀gá wí bẹ́ẹ̀, ó gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká. "Láàárọ̀, kí n tó dé, da omi sí i. Bó bá lọ sínú ihò, a ó dí àlàfo àárín táìlì. Bí kò bá lọ..." Kò parí ẹ̀. Má-kánjú ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ pàápàá, kì í kánjú parí rẹ̀.

Bí kò bá lọ, nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìgbẹ̀bí yìí á gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì. Ó sọ ọ́ lójú mi, ohùn rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. "Ìyá, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ló máa wẹ̀ níbí. Ẹsẹ̀ wọn kì í ranlẹ̀. Mi ò fẹ́ omi tó máa dúró sílẹ̀ dè wọ́n." Ọmọ mi obìnrin máa wà lára wọn. Oṣù tó ń bọ̀ ló máa bímọ, níbí náà ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mò ń rí lórí funfun yìí láti àárọ̀... ẹsẹ̀ tó wú, àtẹ́lẹsẹ̀ tí mo ti fọ̀ nínú abọ́ nígbà tí kò tíì gùn ju àtàǹpàkò mi lọ. Omi gbígbóná díẹ̀, omi tútù díẹ̀. Mo máa ń fi ìgbọ̀nwọ́ wò ó. Ta ló kọ́ mi? Mi ò rántí pé ẹnikẹ́ni kọ́ mi.

Bí kò bá lọ, mo padà sábẹ́ páànù kọnkéré nìyẹn. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ru kọnkéré. Mo ru iyanrìn, mo ru omi fún bíríkìlà, mo ru táìlì fún àwọn tó ń tẹ́ ẹ. Ilé ń ga, èmi ń kúrú. Títí ọrùn mi fi sọ lọ́jọ́ kan pé ó tó. Kò pariwo. Ó kàn kọ̀ láti yí sápá òsì mọ́.

Ìyá Télọ̀ àdúgbò wa ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo èyí. "Ìwọ tí ò ń ru táìlì fún wọn, kí ló dé tí o kì í tẹ́ ẹ?" Gbogbo wa tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an ni mo rín in jù. Òun kò rín. Òun àti onígbàjámọ̀ àti aránbàtà ló jọ wọlé tọ Má-kánjú lọ.

"Mi ò kọ́ obìnrin níṣẹ́ rí."

"Ta ló kọ́ ẹ ní rírìn?" Ìyá Télọ̀ bi í.

Ọ̀gá wolẹ̀. Ó ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé.

Ilẹ̀ ilé ẹni kì í ṣe ohun tí èèyàn ń yá aláìmọ̀ṣẹ́. Síbẹ̀ wọ́n yá mi. Ìyá Télọ̀ fún mi ní iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí n fi kọ́ṣẹ́, onígbàjámọ̀ fún mi ní abẹ́ àga rẹ̀. Nígbà tí mo ṣe tán, ó dúró lé e, ó na apá méjèèjì. "Ẹni bá gbẹ́sẹ̀ síbí, á rò pé òun ti mutí." Oníbàárà kan sọ pé kí ó hú táìlì náà, irun ẹ̀gbẹ́ kan péré ni onígbàjámọ̀ gẹ̀ fún un, ó ní kó lọ mú etí ara rẹ̀ tọ́ ná kó tó máa sọ̀rọ̀ táìlì tó wọ́. Aránbàtà rán tìmùtìmù fún orúnkún mi. "Ẹ wọ̀ ọ́, ìyá wa. Orúnkún yín ò gbọ́dọ̀ gbọ́ pé ẹ ti rí iṣẹ́." Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́, àbíkẹ́yìn mi ń jẹun nílé aládùúgbò yìí lónìí, ó ń jẹun nílé tọ̀hún lọ́la, ó ti ń yọ ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Gbogbo wọn ló dúró sẹ́yìn mi nínú balùwẹ̀ yìí. Kò sí wọn níbí, àmọ́ wọ́n kún ibí. Bí mo bá da omi yìí tó sì yà...

Bó ṣe yà lọ́dọ̀ Màmá Àgbà.

Háà. Mi ò fẹ́ ronú kan ìyẹn.

Balùwẹ̀ tirẹ̀ ni mo kọ́kọ́ dá tẹ́. Ògiri kan ló wà láàárín yàrá òun àti tèmi. Mo da omi sílẹ̀, omi kọ ẹ̀yìn sí ihò, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó wọ yàrá, ó wọ abẹ́ ibùsùn bí ológbò tó ti mọ ilé. Mo sunkún. Ọ̀gá ti gbé òòlù láti fọ́ ọ, màmá ní rárá. "Ẹ fi sílẹ̀. Omi náà fẹ́ mọ bí mo ṣe ń gbé."

Láti ọjọ́ náà, láràárọ̀, mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lára ògiri. "Ìyàwó!" Mo máa lọ. Á ti bu omi sínú abọ́, á ti dúró dè mí, á yan igun kan lónìí, igun mìíràn lọ́la.

"Ìyàwó, níbo ló máa gbà lónìí?"

"Ẹnu ọ̀nà ni, Màmá."

"Mo mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ni. Níbo ló máa kọ́kọ́ gbà?"

Mo máa sọ ọ́. Á da omi. Bí ó bá rí bí mo ṣe wí, á ní "Hùn-ùn." Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, á tún ní "Hùn-ùn." Èmi á wá kúnlẹ̀, màá fi àkísà nu ilẹ̀ tí ọwọ́ mi bàjẹ́. Oṣù méje. Mo sọ fún ọmọ mi pé ìyá yìí kò fẹ́ kí n gbàgbé. Mo ní àgbàlagbà ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìtìjú bọ́ èèyàn láràárọ̀ bí ẹni ń bọ́ adìyẹ.

Ọwọ́ ń dùn mí. Kí n dà á, kó tán...

Níbo ló máa gbà lónìí?

Èmi ni mo sọ ọ́. Ẹnu mi ló ti jáde, nínú balùwẹ̀ òfìfo. Ó dáa. Ẹnu ọ̀nà kọ́. Kò ní yà sí ẹnu ọ̀nà rárá. Á gba ẹ̀gbẹ́ ògiri òsì, á yára díẹ̀ níbi táìlì kẹta, á fẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n nà, á yí sápá ọ̀tún, á dé abẹ́ ẹ̀rọ omi... á dúró.

Á dúró níbẹ̀.

Táìlì abẹ́ ẹ̀rọ. Èyí tó kẹ́yìn. Ilẹ̀ ti ń ṣú lánàá, ó ti rẹ̀ mí, mo lù ú lẹ́ẹ̀kan ju bó ṣe yẹ lọ. Ó rì wọlẹ̀. Kò ju nínípọn èékánná lọ. Mi ò sọ pé kò burú... mi ò kàn wò ó mọ́ ni. Láti àárọ̀ mò ń wo ẹnu ọ̀nà, mò ń wo ihò, mò ń wo fèrèsé. Mi ò wo abẹ́ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan.

Omi kò tíì kan ilẹ̀. Mo ti rí i.

Màmá Àgbà ń fọ aṣọ ara rẹ̀. Ó ń pọn omi tó ń wẹ̀. Ṣé obìnrin bẹ́ẹ̀ kò lè nu ilẹ̀ ni?

Oṣù méje ló fi ń kọ́ mi. Hùn-ùn.

Mo gbé korobá kalẹ̀. Ó ṣì kún, ẹ̀kán omi kan kò ta sílẹ̀. Mo bọ́ bàtà. Mo kúnlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ, tìmùtìmù aránbàtà gba orúnkún mi, mo ti irin pẹlẹbẹ bọ etí táìlì náà, wẹ́rẹ́, bí ẹni fẹ́ jí ọmọ tí kò fẹ́ kó sunkún. Sìmẹ́ntì rẹ̀ kò tíì le tán. Ọ̀gá kò ní pẹ́ dé.

Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má tíì dà á. Mo fẹ́ yí ìdáhùn náà padà.