Ògiri Tí Kò Fẹsẹ̀ Kanlẹ̀

Ilé tí Bàbá Kápẹ́ńtà mọ̀ láti ogójì ọdún, ògiri lórí ògiri ni. Ilé gogoro yìí yàtọ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣófo gbayawu kí mọ́tò lè ráyè yà, ògiri àwọn yàrá òkè kò sì dé ilẹ̀. Dẹ́kì kan ṣoṣo tó nípọn dé àyà èèyàn ló gbé gbogbo wọn pọ̀n, tó ń pín ẹrù wọn fún àwọn òpó ẹ̀gbẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yọ igi tó gbé dẹ́kì náà dúró títí tó fi gbẹ, Bàbá Kápẹ́ńtà bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá òpó wá sí àárín, bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ó ku ìlà igi méjì ní àárín. Àbúrò rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìṣó, torí pé ó kúrú, fẹ̀gbẹ́ wọ àárín wọn pẹ̀lú òòlù. Ó gbá igi kan. Igi kò yọ. Ó wọ́, ó sì dí ọ̀nà tó gbà wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti há o!"

"Gbá a dáadáa! Àbí o ò jẹun láàárọ̀ ni?"

Igi ké kíì. Ẹnjiníà, obìnrin tínínrín kan, sáré dé.

"Má gbá a mọ́! Ìṣó, má mira. Ẹ sọ fáwọn tó wà lókè kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Bàbá, níbo lẹ ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ̀bá òpó. Ibẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀ láyé wa."

"Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀ẹ̀mí-ìn, bàbá mi. Ti dẹ́kì yìí, àárín la ti ń bẹ̀rẹ̀, ká máa lọ sọ́dọ̀ òpó, kí ẹrù lè máa rọra kúrò lórí igi. Ẹ ti sọ igi àárín di òpó; gbogbo ògiri òkè ti jókòó lé wọn. Bí ọ̀kan bá dá, òmíràn á tẹ̀lé e."

Bàbá Kápẹ́ńtà wo àbúrò rẹ̀. Ìyá wọn ló fi ọmọ yìí lé e lọ́wọ́.

"Kí la máa ṣe?"

"Ká dá àwọn igi tẹ́ ẹ yọ padà, títí dé ẹ̀gbẹ́ Ìṣó. Ká fi pákó pẹlẹbẹ há ìdí wọn, kí wọ́n lè gba ẹrù kúrò lórí èyí tó há a mọ́."

"Èmi ni mo yọ wọ́n. Èmi ni màá dá wọn padà."

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó ń to igi, ó ń rọra ti pákó sí ìdí wọn, lọ́tùn-ún, lósì. Nígbà tí igi tó há ọmọ náà mọ́ tú díẹ̀, Ẹnjiníà na ìka sí i: ìyẹn ni kí ó kọ́kọ́ dẹ̀.

Ìṣó rá jáde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo jẹun láàárọ̀ o. Ẹ̀rù ló ti jẹ ẹ́ tán."

Bàbá Kápẹ́ńtà gbé òòlù fún Ẹnjiníà, ó ní, "Ìyá mi, ẹ fi igi tó kàn tá a máa yọ hàn mí."