Ìdajì Ìgbésẹ̀ ní Ẹnu Ìléru

Àwo alákùkọ, èyí tí wọ́n ya àkùkọ sí lára, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló là nínú ọgọ́rùn-ún. Kanlaya kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, bóyá ojú rẹ̀ ló ń tàn án.

"Ìṣirò ẹ dà, ọmọ mi?" Ìyá Bunruean tó ni ìléru tí wọ́n fi ń sun àwo bèèrè. "Iná kan ṣoṣo ló kù. Bí èyí tó là bá ju mẹ́wàá lọ, oníbàárà ti lọ nìyẹn, èmi náà á ti ilẹ̀kùn."

Bí ilẹ̀kùn bá tì, Wichian tó ń dáná á wọkọ̀ ojú irin lọ Bangkok. Láti ọjọ́ Ajé ló ti di àpò rẹ̀, àyà Kanlaya ò sì balẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Ta ló mọ bí ooru iná àti pípẹ́ rẹ̀ ṣe ń la àwo? Ìléru kì í júwe ọ̀nà féèyàn. Kéèyàn dán an wò, kó ka èyí tó là, ló kù. Kanlaya ti ya ooru sí ìbú ìwé, àkókò sí òòró rẹ̀, ó fi àmì mẹ́ta síbẹ̀ fún iná mẹ́ta tí wọ́n kọ́kọ́ dá, ó kọ iye àwo tó là sí ẹ̀gbẹ́ wọn: mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mẹ́rìnlélógún, méjìdínlógún. Ó kẹ́yìn sí èyí tó burú jù, ó gba àárín àwọn méjì yòókù fò sí òdìkejì. Iná kẹrin yìí, tó la mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ni ibi tó balẹ̀ sí.

"Ká kúkú padà síbi méjìdínlógún," ni Wichian wí.

"Ìyẹn ò lè gbà wá." Ó tẹjú mọ́ ìwé. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n burú lóòótọ́, àmọ́ ó sàn ju mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ. "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà yẹn dáa! Mo fò jù ni. Ibì kan náà ni ká kọjú sí, ká gbé ìdajì ìgbésẹ̀."

"Ìdajì? Ìwọ tó ń jẹun bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀?"

"Ẹ ṣáà dáná yín!"

Wichian so òdòdó funfun mọ́ ẹnu ìléru láti tọrọ oríire, ó dáná.

Nígbà tí ìléru tutù, Wichian ń fi èékánná ta àwo lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó dáa á dún gooro. Èyí tó là á dún kò. Kanlaya ń kà. Kò kan. Kò méjì. Nígbà tí àwo ọgọ́rùn-ún pé, kò méje péré ni.

Ìyá Bunruean jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. "Ẹ lọ jẹun, kí n tó sunkún tán!"

Wichian wọlé, ó gbé àpò jáde, ó da aṣọ inú rẹ̀ sórí àga.

"Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń retí kó o ní kí n má lọ," ó wí.

"Ẹ má lọ," ni Kanlaya dáhùn. Àyà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá balẹ̀.