Omi Ewé Etí Òkun

Ó rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná. Ẹni tó bá ń tọ́jú aláìsàn, òun gan-an kì í fi bẹ́ẹ̀ gbádùn. Láti ìgbà tí apá òsì Bàbá Waheedat, ọkọ mi, ti rọ, oorun ti di àjèjì sí mi nílé wa ní Ìpàpó níbí. Níkẹ́, nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó, ti tẹnu mọ́ ọn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló dá a dúbúlẹ̀, pé bí a bá tún fàyè gba iyọ̀, ó lè gbé e lọ.

Àmọ́ Ràmọ́nì ọkọ mi kì í ṣe aláìsàn tó rọrùn tọ́jú. Ọkùnrin tó ti ń kọ ebè iṣu láti kékeré, tí òkèlè ọkà rẹ̀ máa ń tó orí ọmọ tuntun, ló wá ń ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí aboyún tí èébì ń gbé. Yóò fẹnu kàn án lẹ́ẹ̀kan, yóò ní òun ti yó. Eegun èjìká rẹ̀ ti yọ síta. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí pé ebi ni yóò pa á kí ẹ̀jẹ̀ ríru tó ráyè.

Ibẹ̀ la wà nígbà tí Waheedat, ọmọ wa tó fẹ́ ará Ìlàjẹ, wá kí wa. Ó gbé àpò ewé kan wá. Ewé náà nípọn, omi kún inú rẹ̀, ó jọ pápásan, ṣùgbọ́n etí òkun ló ti ń hù, níbi tí omi iyọ̀ ti ń bò ó tí kì í sì í kú. Ó ní ìyá ọkọ òun máa ń sè é bí ẹ̀fọ́, kì í sì í fi ṣeré. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Mo ránṣẹ́ pe Níkẹ́ kó wá wò ó kí n tó dáná.

Níkẹ́ já ewé kan jẹ, ó mi orí.

"Ewé gidi ni, mà. Ó ń ṣara lóore, ó ń dá ẹ̀jẹ̀ sára, ó sì dára fún eegun. Ṣùgbọ́n iyọ̀ òkun wà nínú rẹ̀. Ẹ bọ̀ ọ́, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ tún bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ wá fún un gbẹ. Ìwọ̀nba sì ni kí wọ́n jẹ o."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe. Mo fi ata àti irú tí kò níyọ̀ sè é. Ràmọ́nì jẹ ọkà tán, ó lá ọwọ́. Mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo sunkún ayọ̀ díẹ̀, mo padà wá kó àwo.

Omi tí mo fi bọ ewé ńkọ́? Mi ò dà á nù. Ta ni yóò ní àgbò Iléyá lẹ́yìnkùlé tí yóò da omi iyọ̀ nù? Ẹran fẹ́ràn iyọ̀ bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn ṣúgà. Inú kẹ́ẹ̀gì ni mò ń rọ ọ́ sí, tí mo ń bù ú fún àgbò wa.

Nígbà tí Níkẹ́ tún wá, ó we ẹ̀rọ tó fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ Ràmọ́nì lápá. Ó wò ó, ó tú u, ó tún un wé. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Mà, kí lẹ fún Bàbá jẹ? Ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sókè gan-an. Bí kò bá wálẹ̀ títí dọ̀la, ilé ìwòsàn ńlá ni o."

Inú bí mi. Lẹ́yìn gbogbo làálàá mi! Mo búra fún un pé mi ò fi iyọ̀ kankan sí i. Ó kàn wò mí, ó fi oògùn sílẹ̀, ó lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ tí àgbò ń ké. Mo jáde. Ràmọ́nì ló fara ti ògiri, ọ̀pá tó fi ń rìn wà nílẹ̀, kẹ́ẹ̀gì omi ewé sì wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Àṣé ọkọ mi ni aṣeni ara rẹ̀!

"Bàbá Waheedat! Ẹ fẹ́ kú ni?"

"Inú omi ewé kọ́ ni ẹ̀jẹ̀ ń gbé?" ó ní. "Omi ẹ̀fọ́ kọ́ ni wọ́n ń fún abiyamọ mu tí ẹ̀jẹ̀ bá tán lára rẹ̀? O bu oògùn fún àgbò, o wá bu pàǹtí fún ọkọ rẹ."

Mo já kẹ́ẹ̀gì gbà, mo da ìyókù sílẹ̀. Mo ṣàlàyé pé iyọ̀ ló kúnnú omi náà, iyọ̀ kan náà tó sọ apá rẹ̀ di báyìí. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ó ń wo ilẹ̀ tó ń fa omi náà mu.

"Mùyìbátù," ó sọ nígbẹ̀yìn, "èmi nìkan ló ń jẹ oúnjẹ yẹn. O kò bá mi tọ́ ọ wò rí."

Òótọ́ ni. Èmi ń jẹ tèmi ní ìdí àdògán, ọbẹ̀ tèmi sì dùn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé ọkà rẹ̀ síwájú rẹ̀, mo fọwọ́, mo jókòó tì í. Mo bu òkèlè kan. Ọlọ́run ló mọ̀, kò dùn rárá. Mo bu ìkejì. Ó ń wo ojú mi.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Kò dùn," ni mo wí. Omijé bọ́ lójú mi. "Ṣùgbọ́n ẹ má kú fi mí sílẹ̀."

Ó fi ọwọ́ rẹ̀ kan tó ṣì lágbára fa àwo náà sí àárín wa, ó sì bu òkèlè.