Asẹ́ Tó Ṣíwájú

Ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ wí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í jẹ́ kéèyàn rántí èyí tó yẹ kó ṣíwájú.

Lórí ìkúnlẹ̀ ni Àdíját wà nínú yàrá kọ̀ǹpútà ní Ẹ̀gbẹ́dá, tépù bébà oníhò lọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, nígbà tó rí i pé kànga mọ́ṣáláṣí Ìgàndó, tí èsì rẹ̀ burú, kò sí lára àwọn tí kọ̀ǹpútà ní ó léwu. Onígbáméjì wà nínú ìlú. Àwọn oníṣẹ́ ìlera ń yẹ omi kànga wò, wọ́n ń fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ lórí tépù. Kànga tí kọ̀ǹpútà bá tẹ orúkọ rẹ̀ jáde, wọ́n á tì í pa; èyí tí kò bá jáde, wọ́n á ṣí i.

Àdíját ló kọ àwọn asẹ́, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí ọ̀rọ̀ orí tépù ń gbà kọjá, ọ̀kan ń gbà lọ́wọ́ èkejì, bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sẹ́ ògì. Ọ̀kan ń so ìlà tí kò parí mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Ọ̀kan ń da ìlà tí wọ́n ti fagi lé nù. Ìdànù ló yẹ kó ṣíwájú. Ìsopọ̀ ni Àdíját fi síwájú. Ìlà kan tí wọ́n fagi lé kò sì parí. Asẹ́ kìíní so ìlà Ìgàndó mọ́ ọn nídìí, ìkejì gbé òkú àti alààyè dànù pọ̀.

"Ọlọ́run má jẹ̀ ẹ́ o!" Ó sáré dìde.

Ọ̀gá rẹ̀, Kọ́lápọ̀, gbọ́ ọ tán, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi nìkan, sà. Àárọ̀ yìí ni wọ́n ṣí kànga ọ̀hún."

"Ó dáa. Tún un ṣe wọ́ọ́rọ́wọ́. Tó bá di Mọ́ńdè, a ó tẹ òmíràn, a ó ní iná ló ṣe ségesège."

"Àwọn tó ń mu ún ńkọ́, sà?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé wọn kì í se omi? Àbí o fẹ́ kí wọ́n lé gbogbo wa ni? Fọkàn balẹ̀ jàre!"

Ọkàn wo ni yóò balẹ̀? Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni. Gbogbo ẹni tó bá ṣe àlùwàlá níbẹ̀ ni yóò fi omi náà yọ ẹnu. Àdíját kò dágbére. Ó wọ kàbùkàbù.

"Ìyàwó, ṣé ọkọ ló ń lé ẹ ni?" awakọ̀ bi í. Àdúà ló wà lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tó dé Ìgàndó, àwọn ọkùnrin ti lóṣòó yí kànga ká, búta lọ́wọ́ wọn. Bàbá arúgbó kan ti bu omi sẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bọ̀ǹbọ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ẹ̀yìn lọ̀nà àwọn obìnrin," Lèmọ́mù Ràímì wí.

Àdíját kúnlẹ̀. "Bàbá, onígbáméjì wà nínú kànga yìí."

"Ìjọba ló ṣí i láàárọ̀."

"Àṣìṣe tèmi ni wọ́n tẹ̀ lé, sà."

Lèmọ́mù sún mọ́ ọn. "Bí ọlọ́pàá bá dé, ta ni kí n ní ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ dárúkọ mi. Àdíját, ọmọ Ṣàfíù, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ní kí wọ́n tu omi ẹnu wọn dànù."