Ìyá Ẹgbẹ́ Àràbà

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gba fóònù yìí, ẹ kà á síta kí ọmọ náà gbọ́," ni àbúrò rẹ̀ wí. Kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló ba obìnrin náà lẹ́rù, nítorí àbúrò rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí inú bá ń bí i.

Ó gba fóònù. Èébú kún inú rẹ̀ bámúbámú: òpùrọ́, aláìmoore, ọmọ burúkú. Ẹnì kan tiẹ̀ ti ya àwòrán ẹnu ọ̀nà ilé tí wọ́n jókòó sí yìí, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ibí ló ń gbé o. Àràbà ò wó mọ́!" Ó mọ ẹni tó kọ ọ́. Ọmọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ olólùfẹ́ olórin tí wọ́n jọ wà ni, tó máa ń bá a gbé báàgì bí wọ́n bá ń lọ síbi eré.

"Mi ò lè kà á," ó ní.

Lórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ àbúrò rẹ̀ kọjú sí ògiri. Òwú funfun bo etí òsì rẹ̀. Dókítà ní awọ inú etí náà ti ya, pé ó lè jinná, ó sì lè má jinná. Iṣẹ́ ijó lọmọ náà ń ṣe. Láti ìgbà tí olórin tí gbogbo èèyàn ń pè ní Àràbà ti gbá a létí níbi tí wọ́n ti ń múra eré, bó bá dìde dúró, òòyì á máa kọ́ ọ.

"Ẹgbẹ́ yín ló ń ṣe gbogbo èyí," ni àbúrò rẹ̀ wí. "Ṣebí ẹ̀yin ni Ìyá Ẹgbẹ́. Ẹ sọ fún wọn pé òótọ́ lọmọ ń sọ. Gbólóhùn kan péré ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún."

"Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, ká gbọ́ tẹnu tọ̀tún tòsì."

Ọmọ náà yíjú padà. "Tọ̀tún tòsì wo, Bígí mọ́mì? Ṣebí ẹ wà níbẹ̀."

Ọmọ náà rọra gbéra jókòó.

"Ẹ dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ẹ gbé ike omi dání. Ó gbá mi, mo ṣubú. Mo gbójú sókè, mò ń wá yín. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ẹ lọ gbé omi fún un. Ẹ tún ní, 'Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bà yín nínú jẹ́.'"

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ọwọ́ obìnrin náà ti na omi náà kí ọkàn rẹ̀ tó mọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe. Àbúrò rẹ̀ wò ó bí ẹni tó ń wo àlejò tó ṣi ilé wọ̀.

"Ẹ máa lọ sílé, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní.

Ilé ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì kan ni obìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, àwọn ọmọge méjì a máa ká a. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀kan nínú wọn bú sẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ṣé ẹ̀yin náà wà lára àwọn tó ń bú ọmọ oníjó yẹn? Ẹ̀yin wèrè Àràbà yìí sá! Wọ́n ní àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí kò bá lé ejò, ejò ní ń lé e. Tiyín, olórin lẹ̀ ń lé!"

Èkejì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Obìnrin náà fẹ́ sọ pé, "Ọmọ mi lọmọ oníjó yẹn." Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, wọn á bi í pé níbo lòun wà. Ó tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́ aṣọ.

Irú ẹ̀rín yẹn kò ṣàjèjì sí i. Kó tó wọ ẹgbẹ́, kò sẹ́ni tó ń pè é ní nǹkan kan. Opó ni, kò bímọ, ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀. Lọ́jọ́ kan ló gbọ́ orin Àràbà nínú rédíò, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n, ó sì wá àwọn mìíràn tí orin náà ń pa lẹ́kún lọ. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, Alága ẹgbẹ́, tó jẹ́ makaníìkì, ló sùn sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn. Àwọn ló ń bá a fọ ilé. Wọ́n ń wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè, àwọn èèyàn ń nàka sí wọn lójú pópó, bí wọ́n sì ṣe ń fi wọ́n ṣẹ̀sín tó ni wọ́n ń sún mọ́ra wọn tó, bí adìyẹ tí òjò ká mọ́ ìta.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó lọ sí ìpàdé ní ṣọ́ọ̀bù Alága. Wọ́n to àga sáàárín àwọn ọkọ̀ tí kò ní táyà. Bí wọ́n ṣe rí i, gbogbo wọn dìde.

"Ìyá Ẹgbẹ́! Wọ́n ní kí àràbà wó!"

"Àràbà ò wó mọ́, ojú ti ìrókò!"

Ohùn wọn wọ̀ ọ́ lára bí omi gbígbóná. Ó dúró níwájú wọn, ó sì ń rò ó pé òun ṣì lè jókòó, kí òun kàn gbàdúrà fún wọn.

"Ọmọ tí ẹ̀ ń bú yẹn," ó ní, "ọmọ àbúrò mi ni. Èmi ni mo bẹ Àràbà pé kó gbà á síṣẹ́. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó gbá a létí. Ojú mi ló ṣe."

Ọmọkùnrin tó ya àwòrán ilé náà ní, "Wọ́n ti ra Ìyá." Ẹlòmíràn ní, "Ẹbí ló ń tì í." Ariwo bá gba ṣọ́ọ̀bù kan. Alága fà á lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan.

"Ìyá, ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ ni?"

"Ẹ mọ̀?"

"Ó ti gbá èmi náà rí, nínú ọkọ̀. Mo ní ó rẹ̀ ẹ́ ni." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ wo àwọn èèyàn wọ̀nyẹn. Ìyàwó eléyìí ti kọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n tọ̀hún kì í bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ayé ń pè wá ní wèrè, a ní kò burú, pé ẹni rere là ń tẹ̀ lé. Bí kì í bá wá ṣe ẹni rere, kí la jẹ́?" Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Ẹ bá wọn sọ pé ẹ kò ríran dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ríran dáadáa, Alága."

"A jẹ́ pé kí ẹ bọ́ ẹ̀wù yẹn."

Ó bọ́ ọ kúrò lórí búláòsì rẹ̀. Ó ká a bí àwọn ọmọge ṣe ń ká aṣọ níbi iṣẹ́ rẹ̀, etí kan etí, ó gbé e lé bọ́ńnẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kan. Kò sẹ́ni tó sìn ín. Kó tó dé oríta, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú gúrúùpù, wọ́n sì ti gbé àwòrán rẹ̀ jáde: ọ̀dàlẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ló gbà lọ tààrà. Àbúrò rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ó dúró sí àlàfo rẹ̀.

"Ó ti lọ. Bàbá rẹ̀ wá mú un láàárọ̀."

"Mo ti sọ fún wọn."

"Mo rí i. Wọ́n ti ń bú ẹ̀yin náà."

"Ṣé ó rí i?"

"Ó rí i. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní kí n sọ fún yín pé ẹ ṣé."

Obìnrin náà dúró, bóyá nǹkan mìíràn ṣì kù. Àbúrò rẹ̀ wolẹ̀. "Ó ní kí ẹ má pe òun mọ́, ẹ̀gbọ́n mi." Ó ti ilẹ̀kùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, obìnrin náà kò gba ọ̀nà ibi iṣẹ́. Àgọ́ ọlọ́pàá ló lọ. Ọ̀dọ́bìnrin ọlọ́pàá kan ló wà lẹ́yìn káńtà, ó kí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó gbé bébà síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó ń sọ. Ó ń kọ ọ́ lọ títí ó fi gbọ́ orúkọ. Bíírò dúró.

"Àràbà wo? Àràbà wa yìí?"

"Òun ni."

Ọlọ́pàá náà gbé bíírò sílẹ̀. "Mọ́mì, ẹ rò ó dáadáa. Irú ọkùnrin yẹn? Orin rẹ̀ la fi sin màmá mi o. Òun ni mo fi ń sùn títí di òní."

Obìnrin náà wo ojú rẹ̀. Ó mọ irú ojú náà dáadáa; òun ló kún ṣọ́ọ̀bù Alága.

"Mo mọ̀, ọmọ mi," ó ní. Ó fa àga sún mọ́ káńtà, ó jókòó. "Máa kọ ọ́ lọ."

Ọlọ́pàá náà bojú wo ẹnu ọ̀nà, bíi pé ẹnì kan lè wọlé wá sọ pé kò pọn dandan. Kò sẹ́ni tó wọlé. Nígbà tó pẹ́, ó mú bíírò.